Ibi Tí Ẹ Ti Ń Tajà Ni Kí Ẹ Ti Dìbò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tajà ní ọjà Santana, ní Benin, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀. Bí wọ́n bá ń dìbò yan méyọ̀ ní ìlú ńlá kan l'Amẹ́ríkà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti rí i lórí fóònù, ẹ ti mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó fìdí rẹmi, ẹ sì ti ń jiyàn rẹ̀ nídìí bárò àti lẹ́bàá tábìlì oní-POS. Kò burú. Ọmọ tó ń tẹ́tí sí ìròyìn kì í gọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi yín léèrè orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí ẹ ń gbé, ojú ara yín lẹ ń wò. Ọ̀kan nínú yín ló wá dáhùn, èsì rẹ̀ ló sì dùn mí jù: "Bàbá, ìlú wa kọ́ nìyí. Ilé nìbò wa wà."

Ilé wo? Ọ̀pọ̀ yín, Benin ni wọ́n bí yín sí. Òótọ́ ni pé Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Ifọ̀n tàbí Òṣogbo làwọn òbí yín ti wá, àmọ́ èdè Edo tó wà lẹ́nu yín dán ju Yorùbá tí ẹ ń bá mi sọ lọ. Níbí lẹ ti ń san owó ìsọ̀, níbí lẹ ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, níbí lẹ ti ń gbé ìyàwó, tí ẹ ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó lọ sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Kérésìmesì tàbí Iléyá, kí ni ìbò rẹ̀ ń bá wọn ṣe níbẹ̀ nígbà tí òjò tó ń ba ẹrù rẹ̀ jẹ́ ń rọ̀ ní òpópónà Sapele?

Ẹ sáà mọ bí ó ṣe máa ń rí nínú oṣù keje. Gọ́tà tó yẹ kó gbé omi lọ ti kún fún náílọ́ọ̀nù omi, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àjákù àpò. Omi ò níbi tí yóò gbà mọ́, ẹ̀yìn ìsọ̀ ló ń gbà wọlé, ó dúdú, òórùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó mi á sáré gbé àpò ìrẹsì karí bẹ́ǹṣì, á gbé ẹ̀wà lé e lórí, á ní kí n di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Kí a tó rántí gàrí tó wà nílẹ̀, ìdí àpò rẹ̀ ti mumi. Gàrí tó bá ti wú nínú àpò kò ní oníbàárà mọ́, bí ẹ bá fi rọ́bà pẹ́ńtì wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò ní gbà á. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, gómìnà lẹ ń bú. Ẹlòmíràn á kọjá gómìnà, Ààrẹ tó wà l'Abùjá ni yóò máa gbé ṣépè. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ káńsù rí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbé iṣẹ́ ọjà lé lọ́wọ́, dídá a sílẹ̀, títọ́jú rẹ̀ àti ṣíṣe òfin rẹ̀. Òun náà ló ni gáréèjì, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́, kíkó ìdọ̀tí, gọ́tà àti iná ojú títì. Abala keje ìwé òfin kan náà ló ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kó máa ṣàkóso káńsù. Gbogbo ohun tí à ń ráhùn lé lórí ní Santana láti òwúrọ̀ dalẹ́ ti wà nínú ìlà mélòó kan yẹn. Ìbò tó kéré jù lójú yín ló sún mọ́ ẹrù yín jù.

Ní ọdún 2020, nígbà tí ìdìbò gómìnà ń bọ̀, igbe "Edo no be Lagos" gba ìgboro Benin kan. Àwọn tó ń ké e ń sọ pé àwọn ò fẹ́ kí bàbá ìsàlẹ̀ kan jókòó sí Èkó kó máa yan gómìnà fáwọn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Èkó mìíràn wà tí n kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, Èkó tó ti ní méyọ̀ rí. Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì wá sídìí ọjà, nítorí náà ẹ gbà mí láyè díẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 1923 ni ìjọba Òyìnbó kọ́kọ́ gbà kí ará Èkó dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ta ló lè dìbò? Ọkùnrin tó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún, ó kéré tán. Àga mẹ́ta ni wọ́n fún Èkó, ẹgbẹ́ NNDP tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ lọ́dún náà ló sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ìyá tó ń bọ́ Èkó láti inú ọjà kò sí nínú òǹkà rárá, bó ti wù kí owó ọwọ́ wọn pọ̀ tó.

Ìyá kan wà nínú wọn, Alimotu Pẹlẹwura ni wọ́n ń jẹ́. Ẹja ló ń tà, kò mọ̀wé, Mùsùlùmí ni, òun sì làwọn obìnrin fi jẹ olórí ọjà Eréko. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣí ọjà náà nípò lọ sí Olúwọlé láàárín àwọn ọdún 1930, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní 1940, ìjọba ní kí obìnrin tó bá ń rí ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún máa san owó orí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ọjà ti ìsọ̀ pa, wọ́n tú síta. Lára ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé a kì í gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tí a kò fún ní ìbò. Ìjọba padà sẹ́yìn: ó sún iye náà láti àádọ́ta sí igba pọ́n-ùn, ìyẹn sì yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kúrò nínú ọ̀ràn náà. Lásìkò ogun Hitler, Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen tún fẹ́ máa sọ iye tí wọn yóò ta gàrí àti oúnjẹ mìíràn fún wọn. Wọ́n tún bá a wọ̀jà. Ẹ fọkàn sí èyí: gbogbo ogun wọ̀nyí, láìní ìbò kankan lọ́wọ́ ni wọ́n fi jà á. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí àṣẹ kan tí ìjọba lè pa lórí ọjà Eréko kí wọ́n má gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Òfin tuntun jáde ní 1950. Gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé Èkó, lọ́kùnrin lóbìnrin, olówó àti tálákà, lè dìbò yan àwọn tí yóò jókòó sí káńsù. Àga mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, ẹgbẹ́ NCNC àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn kó méjìdínlógún, wọ́n sì fi Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe, oníṣègùn, ṣe méyọ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Pẹlẹwura kú. Mo máa ń dúpẹ́ pé ojú rẹ̀ rí ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní "ilé nìbò wa wà" gbọ́ nìyí. Òfin 1950 yẹn kò bi ẹnikẹ́ni níbi tí wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sí. Ẹni tó ń gbé Èkó ló béèrè. Kódà ṣáájú ìgbà náà, ní 1947, Azikiwe tó jẹ́ ọmọ Onitsha wà lára àwọn mẹ́ta tí Èkó rán lọ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Olorun-Nimbe àti Adeleke Adedoyin ló sì bá a wọlé. Ní 1951, Èkó tún dìbò fún un.

Apá tó kù nínú ìtàn náà kò dùn, àmọ́ n kò ní yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn márùn-ún ni NCNC fi wọlé fún Èkó sí ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní 1951. Ilé yẹn ló máa yan méjì nínú wọn lọ sí ilé aṣojú ti gbogbo Nàìjíríà, Azikiwe sì ni ẹgbẹ́ fẹ́ kó lọ. Adedoyin kò gbà láti yẹ̀ fún un, méyọ̀ náà kò gbà. Àwọn méjèèjì ló lọ, Azikiwe jókòó sí Ìbàdàn, kó tó padà sí Ìlà Oòrùn lẹ́yìn náà. Àárín méyọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dàrú. Lákòókò kan náà, ariwo ti ń ta lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó káńsù àti bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́. Ìjọba gbé ìwádìí lé Bernard Storey lọ́wọ́, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1953, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ojúsàájú ló kún inú rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn pa ipò méyọ̀ rẹ́ lọ́dún náà, Ọba Adele Kejì di ààrẹ káńsù. Láti ìgbà náà dòní, Èkó kò ní méyọ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́ta péré. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nìkan ló gba ipò yẹn lọ́wọ́ ará Èkó. Àwọn tí wọ́n yàn ti kọ́kọ́ fi í ṣòfò. Ẹ̀yin tí ẹ bá dìbò tán, tí ẹ wá ń sọ pé "ó ti parí", ẹ rántí pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa béèrè ọjọ́ tí káńsù ń jókòó. Ẹ béèrè iye owó tí wọ́n rí gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ràn wàyí. Ní Chicago, oṣù kìn-ín-ní 1979, yìnyín já bọ́ sílẹ̀ títí ọkọ̀ ò fi rí ọ̀nà gbà. Méyọ̀ tó wà níbẹ̀, Michael Bilandic, kò lè kó o kúrò lójú títì bó ti yẹ. Lóṣù kejì, Jane Byrne gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì di méyọ̀. Yìnyín ojú títì lé ọkùnrin náà lọ, nítorí pé àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa ńkọ́, tí omi gọ́tà ń wọ inú gàrí wa?

Lẹ́yìn náà ni ti Harold Washington, tí wọ́n sábà máa ń sọ. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Chicago bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dupò, kò fi ìwàǹwára gbà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ kí òun rí i. Láàárín 1982, ó lé ní 100,000 èèyàn tuntun tó wọ inú ìwé olùdìbò. Ní oṣù kejì 1983, ó borí Byrne àti Richard Daley nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ó borí Bernard Epton, 668,176 sí 619,926, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ méyọ̀ ní ìlú náà. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì. Kò tó àádọ́ta ẹgbẹ̀rún. Ká ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ yẹn jókòó sílé ni, bóyá Epton ni ìwé ìtàn ìbá máa dárúkọ.

Síbẹ̀, nígbà tó jókòó tán, ọwọ́ rẹ̀ kò ká káńsù. Àádọ́ta ni àwọn káńsẹ́lọ̀ Chicago. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kóra jọ lábẹ́ Edward Vrdolyak, wọ́n ń ta ko gbogbo ohun tó bá gbé wá. Mọ́kànlélógún péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjà yẹn kò rọlẹ̀ títí di 1986, nígbà tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù méje, tí káńsù sì pín sí márùndínlọ́gbọ̀n sí márùndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kọkànlá 1987 ló kú nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n tún un yàn. Ọdún mẹ́ta ló fi jìjàkadì torí káńsẹ́lọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé káńsẹ́lọ̀ kò jámọ́ nǹkan kan, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi. Ẹ ó ní ẹgbẹ́ tó bá ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ ló ń kó gbogbo àga káńsù, ìdìbò náà kò ju orúkọ lásán lọ. N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yín ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 2023, ẹgbẹ́ PDP tó wà lórí àlééfà ní Edo nígbà náà ló gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Nígbà tí ìjọba yí padà sọ́wọ́ APC ní 2024, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní kí àwọn alága náà lọ rọ́kún nílé fún oṣù méjì. Oṣù Kejìlá ni. Bẹ́ẹ̀, nínú oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé owó káńsù kì í ṣe ti gómìnà, àti pé káńsù tí kò ní ẹni tí a dìbò yàn kò bófin mu.

Ohun tó ń fún wọn láyè ni pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ gba ti ìdìbò gómìnà gan-an, tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ èèyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé INEC ní Edo. Okpebholo tó wọlé ní ìbò 291,667, Ighodalo tó tẹ̀lé e ní 247,274. Ẹ kó ti Akpata àtàwọn yòókù mọ́ ọn, kò tó 600,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan ló jáde nínú márùn-ún. Mẹ́rin yòókù wà nílé, wọ́n ń retí èsì. Bí ti gómìnà bá rí báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ti káńsù?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìbò tí a jí kì í padà. Ìlú yìí ti rí i tó padà. Ní oṣù kẹrin 2007, wọ́n kéde Osunbor gẹ́gẹ́ bí gómìnà Edo. Oshiomhole tó bá a du ipò náà kó ìwé rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ìwé tí wọ́n kọ èsì sí ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 2008, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òun ló wọlé, wọ́n sì búra fún un lọ́jọ́ kejì. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ló ń dúró ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ibùdó ìdìbò. Ẹni tó bá lè dúró ti ọjà rẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́ lè dúró ti ìwé èsì.

Ti títa ìbò tí wọ́n ń pè ní "dìbò kóo sebẹ̀", n kò ní sọ púpọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà ni, ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ìkòkò ọbẹ̀ kan báyìí, ẹ sì mọ iye tí ìkún omi kan ń bà jẹ́. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹnìkan má baà gbé ọ̀rọ̀ mi gba ọ̀nà mìíràn. N kò ní kí ẹ wá fi ẹ̀yà ṣe òṣèlú ní ìlú onílùú. Àwa pẹ̀lú Benin ti ń bá ara wa bọ̀ tipẹ́, ṣáájú kí Òyìnbó tó ya ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀, ìtàn Ọ̀rànmíyàn wà fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ààfin. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyá ọjà. Ní oṣù kẹsàn-án 2020 tí ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú, Ọba Ewuare Kejì ló pe Obaseki àti Ize-Iyamu tí wọ́n ń du ipò gómìnà, pẹ̀lú àwọn aṣáájú wọn, wá sí ààfin, ó ní kí wọ́n má ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀. Ẹni tó bá fún yín lówó pé kí ẹ gbé àdá lọ sí ibùdó ìdìbò, ẹ sá fún un, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Edo. Ẹ wo ẹni tó lè tún gọ́tà ṣe, ẹ dìbò fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń wò ó.

Òfin ìdìbò ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tó ti wá. Ẹni tí káàdì rẹ̀ wà ní Ọ̀ṣun tàbí Oǹdó lè kọ̀wé sí INEC kí wọ́n ṣí i wá síbí. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìpolongo bá gbóná, torí wọn a máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa kí ọjọ́ ìdìbò tó dé. Ẹ pín ara yín, kí ẹni méjì máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi ti gbà láti bá yín wo ìsọ̀ títí ẹ ó fi dé.